Ẹni Tó Pọn Ọtí Ló Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Tchamba, ní ìlú Sokodé, igi máńgòrò kan wà tí wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ sí nídìí rẹ̀. Bí igbá bá dojú dé lórí ọ̀pá náà, ọtí ti délẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀pá bá wà lásán, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Àṣàkẹ́ ló ni ọ̀pá, òun ló ni igbá, òun ló sì ni ìkòkò dúdú ńlá tó wà lórí ààrò lẹ́yìn wọn.

Kambolé ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu àti àgbàdo bíi ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Tchamba ló dàgbà sí, obìnrin náà ló sì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń pọn ọtí ọkà bàbà, èyí tí àwọn ará Sokodé ń pè ní ṣùkùtù. Àṣàkẹ́ mọ bí a ṣe ń rẹ ọkà títí yóò fi hù, bí a ṣe ń sá a, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, àti bí a ṣe ń ṣọ́ iná rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ó má bàa jó nídìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ kò gba iná, kò sì gba omi. Ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí oníbàárà bá jókòó, olọ́tí yóò bu ahá kan, yóò gbé e sẹ́nu, yóò mu nínú rẹ̀ lójú oníbàárà, kí ó tó nà án sí i. Ẹni tí kò bá lè mu tirẹ̀, kí ni ẹlòmíràn yóò mu níbẹ̀?

Ọkọ rẹ̀, Bìlálì, ọmọ Koussountou, Mùsùlùmí ni. Alùpùpù ló fi ń gbé èrò kiri ìlú, kì í sì í fi ọtí kan ẹnu. Nígbà tó fẹ́ Àṣàkẹ́, ó sọ fún un pé òun kò ní bá a lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, òun kò sì ní dí i lọ́wọ́. Ìyá Bìlálì tó ń gbé ní àdúgbò Komah kò fẹsẹ̀ tẹ ìdí igi máńgòrò náà rí. Bí ó bá fẹ́ bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò dúró sí etí títì, yóò sì ké sí i láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tí èrè ọtí ń rà, màmá kì í dá a padà.

Ní òdìkejì títì, ilé ọtí ìgò kan wà, bùfẹ́tì tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jùmọ̀kẹ́ dá sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ amómitutù, ó ní àga oníke, ó sì ní rédíò tó ń pariwo. Láyé ìgbà tí nǹkan ṣì rọrùn, àwọn tó ń mu bíà lọ́dọ̀ Jùmọ̀kẹ́ kì í wo ìhà ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́. Àwọn alágbàṣe, àwọn tó ń já ẹrù, àti àwọn àgbẹ̀ tó bá wá tajà ló ń jókòó lórí pákó lábẹ́ máńgòrò.

Lẹ́yìn náà ni owó bíà bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè. Ẹni tó ń dá ìgò ńlá mu tẹ́lẹ̀ wá alábàápín, àwọn méjèèjì sì ń jà lórí ìfóòfó, nítorí ẹni tí wọ́n bá bù fún kẹ́yìn ni ìfóòfó ń kún ife rẹ̀. Owó tún lọ sókè, wọ́n bọ́ sórí ìgò kékeré. Ó tún gun òkè sí i. Àwọn kan yà sídìí sódàbì, ìyẹn ògógóró ibẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣùgbọ́n tó ń gbé ènìyàn lulẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti mu ún. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí wo òdìkejì títì. Títì náà kò fẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó pẹ́ kí wọ́n tó sọdá rẹ̀. Ojú ń ti ènìyàn láti ti orí ìgò bọ́ sórí ahá.

Fàwásì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọdá. Ará Kambolé ni òun náà, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ó sì ń kírun nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wò ó. Bí ó bá wá mu ọtí, ìdí igi ló ń kọjú sí, ẹ̀yìn ló ń kọ sí títì, kí ẹni tó ń kọjá má bàa rí ojú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

"Àṣàkẹ́, ọmọ ìlú mi," ló wí ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, "ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọtí rẹ dùn, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Kí ló wá pa á?"

"Apá mi ni, ẹ̀gbọ́n Fàwásì. Àbí kí n lọ fi ìdérí irin dé e, kó lè wọ́n bí ẹ ṣe fẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Fàwásì yí ahá náà lọ́wọ́, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀.

"Ahá yìí mà ti rù o."

"Ọkà bàbà ló mú un rù. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní Tchamba."

Òtítọ́ ló sọ. Kàkà kí ó fi owó lé ọtí, ó ti pààrọ̀ ahá sí èyí tó kéré díẹ̀. Àwọn oníbàárà àtijọ́ lóye rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ìgò tí wọ́n ń ṣí lójú wọn. Ìkòkò tí a kò rí ìdí rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń béèrè ìdí tí ọtí fi ń tètè mú wọn. Ẹnìkan ní òun gbọ́ pé àwọn olọ́tí kan ń da oògùn òyìnbó sínú rẹ̀ kí ó lè le. Òmíràn ní kì í ṣe oògùn, pé dúdú inú bátìrì ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti gbọ́ ọ.

Àṣàkẹ́ kì í bá wọn jiyàn. Yóò bu ọtí, yóò mu ún, yóò nu ẹnu, yóò sì na ahá sí wọn. Ìyẹn ti tó gẹ́gẹ́ bí èsì.

Àkókò yìí gan-an ni ó fẹ́ra kù.

Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, méjèèjì ló sì ti tètè sọ fáyé nítorí ayọ̀. Lẹ́yìn èkejì, ìyá rẹ̀ wá láti Kambolé, ó sì bá a wí. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ ẹnu? Nílé wa, oyún ló ń kéde ara rẹ̀. Títí tí yóò fi yọ, kó má kúrò láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ." Agbẹ̀bí tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tẹ̀ yìí sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí mọ́, ìbáà ṣe ti ìgò, ìbáà ṣe ti ahá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe há a sẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ gbọdọ̀ mu kí ọjà tó lè tà, kò gbọdọ̀ mu kí ọmọ lè dúró, kò sì gbọdọ̀ sọ ìdí tí kò fi mu. Ó rò ó pé kí òun bẹ ẹnìkan kó máa tọ́ ọ wò dípò òun, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni àwọn ènìyàn yóò béèrè ìdí rẹ̀. Ó wá ń gbé ahá sẹ́nu, yóò pa ètè pọ̀ típẹ́típẹ́, yóò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti mu. Ọtí ń tutù sí i létè, òun a sì nù ún kúrò.

Àwọn tó wà lórí pákó kò fura. Fàwásì ló fura. Ẹni tó ti pẹ́ tó ń fi nǹkan pamọ́ máa ń tètè rí ohun tí ẹlòmíràn ń fi pamọ́.

"Ọ̀fun rẹ ò mì," ló wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ọ̀fun rẹ. Bí ènìyàn bá gbé nǹkan mì, ọ̀fun rẹ̀ a lọ sókè, a sọ̀ kalẹ̀. Tìrẹ dúró gbọn-in."

"Ẹ̀gbọ́n Fàwásì, ọtí lẹ wá mu ni, àbí ọ̀fun ọlọ́fun lẹ wá wò?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń wo ọ̀fun rẹ̀. Àwọn kan padà sọdá títì, wọ́n ní ó sàn kí àwọn pín ìgò kékeré kan sí mẹ́ta ju kí àwọn kú. Nígbà tí ará ìlú ẹni bá sì ti wà nínú àwọn tó ń sọ ọ́, ta ni yóò jiyàn?

Àṣàkẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fura sí wọn. Ó fura sí Jùmọ̀kẹ́ jù lọ. Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tó ń yọjú sí i, àmọ́ báyìí ó ń sọdá wá kí i.

"Ọmọ mi, ṣé ara ò le ni? Mo rí i tí o ń tu itọ́ láàárọ̀."

"Eruku títì ni, màmá."

"Eruku." Jùmọ̀kẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa. Máa rọra."

Nígbà tó lọ tán, Àṣàkẹ́ jókòó, ó ń rò ó. Kí ló ń wá? Oníbàárà rẹ̀ tó ti sọdá ló ń wá kó padà ni, àbí ohun tó wà nínú òun ló fẹ́ mọ̀? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ fi sínú tó ń tu itọ́ funfun. Àtìgbà náà ni Àṣàkẹ́ ti ń so aṣọ mọ́ àyà kí ikùn rẹ̀ má bàa hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí ìdí máńgòrò kún. Awakọ̀ kan tó ti Bago dé mu ahá rẹ̀ tán, ó dìde, ó di igi mú, ó sì bì. Ahá tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọ́n gbé e sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wàláì, mo ti sọ ọ́!" Fàwásì ti dìde. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo obìnrin yìí. Kì í mu ún. Ó ń fi ètè tan wá jẹ ni!"

"Kó mu ún báyìí!" ni ẹnìkan ké.

"Ahá tó kún! Kó mu ún tán pátápátá!"

"Bí kò bá mu ún, ẹ jẹ́ ká da ìkòkò yẹn nù, ká fọ́ ọ!" Ọkùnrin kan ti gbé ẹsẹ̀ lé ìkòkò náà.

Wọ́n bu ahá kan fún Àṣàkẹ́, ó kún dé etí. Ó gbà á. Ọtí ń dà sí i lọ́rùn ọwọ́. Ó wo ìkòkò tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Tchamba. Ó ronú nípa oyún méjì tó ti lọ. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

Bìlálì ń já èrò kan sílẹ̀ nítòsí nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó ju alùpùpù sílẹ̀, ó la àárín èrò kọjá, ó rí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ahá lọ́wọ́, ó sì lóye gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó na ọwọ́ sí ahá náà.

"Gbé e wá. Èmi ni ọkọ rẹ̀. Èmi ni n óò mu ún."

Ìyá Bìlálì wà ní etí títì. Ó ń bọ̀ láti ọjà, ó sì ti dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu.

Àṣàkẹ́ fa ahá náà sẹ́yìn. Ó lè fara da kí wọ́n pe òun ní apani, àmọ́ kò lè wo Bìlálì kó fi ẹnu tó fi ń kírun mu ọtí nítorí òun.

"Mo ti fẹ́ra kù," ló wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Mo lóyún. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ mu. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí? Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?"

Ọkùnrin tó gbé ẹsẹ̀ lé ìkòkò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ náà nu ẹnu, ó sì fi ohùn kékeré sọ pé òun jẹ ẹ̀wà kan lójú ọ̀nà, pé ẹ̀wà náà ti kan, pé òun mọ̀ nígbà tí òun ń jẹ ẹ́.

"O mọ̀, o sì jẹ ẹ́?" ni ẹnìkan bi í.

"Ebi ń pa mí, mo sì ti sanwó."

Fàwásì gba ahá náà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́. Ó yí padà, ó kọjú sí títì, níbi tí àwọn ará ọjà, àwọn ará mọ́sálásí rẹ̀ àti ìyá Bìlálì dúró sí, ó sì mu ún títí ó fi gbẹ. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ayé sì rí i.

"Ọtí dára," ló wí. Ó fi ahá náà lélẹ̀, ó sì lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ìkòkò kò fọ́. Àwọn ènìyàn jókòó padà, àwọn tó ti padà sídìí ìgò náà sì tún sọdá wá. Ṣùgbọ́n àṣírí Àṣàkẹ́ ti tú, kò sì lè kó o padà. Gbogbo ẹni tó kí i, ikùn rẹ̀ ló ń wò. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí i, ó ń wá ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Nígbà tó yá, Jùmọ̀kẹ́ sọdá títì, ó gbé àwo ọbẹ̀ ẹja gbígbóná àti iyán lọ́wọ́.

"Mo ti mọ̀ ṣáájú kí o tó sọ ọ́. Itọ́ yẹn ló sọ fún mi. Jẹun, ọmọ mi. Ẹni méjì lo ń bọ́."

Àṣàkẹ́ wo àwo náà. Òórùn rẹ̀ dára. Ebi sì ń pa á. Ó gba àwo náà, ó dúpẹ́, ó gé òkèlè kan, ó fi run ọbẹ̀, ó sì nà án padà sí Jùmọ̀kẹ́.

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹni tó sè é ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Jùmọ̀kẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n ti kọ́ ọ."

Ó gba òkèlè náà, ó fi í sẹ́nu. Àṣàkẹ́ kò wo ojú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó rí i tí ó mì, ó fa àga sún mọ́ àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.