Ọjọ́bọ̀ Ìyá Ẹ-Tò-Dáadáa

Ilé gogoro tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àlejò tó bá wọ ìlú, kó tó béèrè omi, ó ti béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ gòkè lọ wo ìlú bó ṣe tẹ́ rẹrẹ, ẹ óò tò. Ẹni tó ń rí sí i pé ẹ tò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹ-Tò-Dáadáa là ń pè é, nítorí igbe tó ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi wà lẹ́nu géètì, mi ò sì tíì rí ẹni tó borí rẹ̀. Ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta, ó ní ṣé ìyá mọ ẹni tí òun ń jẹ́. Ìyá ní, “Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Ẹ̀yin lẹ kàn lẹ́yìn bàbá tó wẹ̀wù funfun yẹn.” Ọ̀gá náà lọ tò.

Kì í ṣe pé ó rorò o. Àánú rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Tó bá rí aboyún, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, á súnmọ́ ọn, á sọ̀rọ̀ sí i létí: “Ọmọ mi, má wá láàárọ̀ mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni kó o wá, lẹ́yìn aago kan ọ̀sán. Àwọn bọ́ọ̀sì á ti kó àwọn àlejò lọ jẹun. Wẹ́rẹ́ báyìí, o ti dókè. Má sọ fún ẹnì kankan o.”

Òótọ́ ni nígbà tó kọ́kọ́ dé, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ṣùgbọ́n láti ọdún kẹrin ni wọ́n ti fi Ọjọ́bọ̀ ṣe ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kò sì fojú kan Ọjọ́bọ̀ wa mọ́.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá ti gba iṣẹ́ ló ti ń ṣèlérí pé òun máa mú un gòkè. Bí bàbá bá rán an létí, á ní, “Kí lẹ̀ ń kánjú fún? Ṣebí èmi ni mo ni ẹnu ọ̀nà.” Ohun tó bá wà nítòsí ẹni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Wọ́n wà lórí a ó ṣe é, a ó ṣe é, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọ̀kan fọ́ pátápátá. Wọ́n wá fi iṣẹ́ abẹ ojú kejì sí ọjọ́ Ẹtì, dókítà sì ní òun ò lè búra pé yóò là.

Ni Bàbá Télọ̀ bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ohun kan péré ni òun fẹ́ rí kó tó di Ẹtì. Òun fẹ́ dúró lókè yẹn, kí òun wo ilé òun. Yàrá mẹ́ta ni ilé náà, abẹ́rẹ́ ló fi kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì kan páànù orí rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọjọ́bọ̀ gan-an ló dáa jù.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gun àkàbà, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn pupa fòò kan sórí páànù, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ojú tó kù lè rí nǹkan dì mú láti òkè. Kò sọ fún bàbá. Kò sì sọ fún èmi náà pé wọ́n ń bọ̀.

Ìgbà tí mo jáde lọ mumi lẹ́yìn aago kan ni mo rí i ní ìdí ìlà, kò wọ yunifọ́ọ̀mù, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìlà náà ti yí ilé gogoro po.

“Àbúrò mi, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?”

“Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí Ọjọ́bọ̀ ṣe ń rí nìyí láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí mo bá mọ ẹni tó ń rán wọn wá, á gbọ́ tẹnu mi.”

Obìnrin kan tó pọnmọ níwájú wọn yíjú padà. “Ẹ má mikàn, mà. Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbí ló fi àṣírí han ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní tó bá ti di Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn aago kan, wẹ́rẹ́ báyìí la máa dókè. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan o.”

Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run ló ń wò, nítorí òjò ti ń ṣú, bí òjò bá sì ti dé, wọ́n á ti òkè pa.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú yín wọlé.”

“Rárá.”

“Ojú ọkọ yín ńkọ́?”

Omi lé ròrò lójú rẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ ló ń mì. “Ẹni tí mo bá dá padà lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀?”

Bàbá ní, “Fi í sílẹ̀. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Ṣé ẹni tó ń to gbogbo ayé ni kò ní tò?”

Inú bí mi. Mo wọlé, mo jókòó, mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ béèrè ìbéèrè, mo ti jágbe mọ́ ọn.

Nígbà tó kọjá aago mẹ́ta, wọ́n pè láti òkè. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, èèyàn méjìlá ló kù tó lè gòkè. Mo ka orí wọn. Bàbá Télọ̀ ló ṣe ìkejìlá. Ìyá ló tẹ̀ lé e.

Ìyá rọra tì í síwájú. “Ẹ máa lọ, Bàbá wọn.”

“Kí n máa lọ síbo? Bí o kò bá lọ, mi ò lọ.”

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wọn ní, “Tí bàbá ò bá lọ, ẹ jẹ́ kí èmi lọ.” Díẹ̀ ló kù kí n là á mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo rántí òfin iṣẹ́ wa. Bí òjò bá fẹ́ ti òkè pa, òṣìṣẹ́ kan á bá àwọn ìkẹyìn gòkè, á to gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Èmi ló kàn lọ́jọ́ náà. Kí n má purọ́ fún yín, ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì òkè yẹn, mi ò débẹ̀ rí. Òòyì máa ń kọ́ mi. Bó bá kàn mí, ẹlòmíì ni mo máa ń bẹ̀.

Mo ṣí fìlà iṣẹ́ mi, mo dé e fún ìyá. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ kó wọn sọ̀kalẹ̀.”

Ó wò mí. “Ṣé iṣẹ́ ni?”

“Iṣẹ́ ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni.”

Ó tún fìlà náà dé kó gún, ó wọ lífítì.

Àwọn méjèèjì ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè fún mi, ẹnu wọn ò sì kò lórí ẹni tó sunkún. Ìyá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n ní. Òun ń ké “Ẹ tò dáadáa!” lọ, bàbá sì di irin mú, ó ń fi ojú kan wá ìlú kiri. Ìlú dàrú mọ́ ọn lójú bí àkísà. Lójijì ni bàbá nawọ́.

“Ìyá wọn, wèrè wo ló tẹ́ aṣọ pupa sórí páànù nínú òjò yìí?”

Bàbá tún wò ó. Ó rí páànù tuntun kan láàárín àwọn tó ti dípẹtà, èyí tó kàn lọ́dún tó kọjá, kí ojú rẹ̀ tó ṣú.

Ó ní, “Háà. Ilé wa ni.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tó dé tí mo rí i tó ń sọ̀rọ̀ sí aboyún kan létí, mo gbọ́ “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Èmi kì í ṣiṣẹ́ ní Ìṣẹ́gun, mo bá pa ẹnu mi mọ́. Mo bi í pé ojú bàbá ńkọ́.

“Wọn ò tíì tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, àbúrò mi. Àmọ́ ó ní bó là, bó fọ́, ilé lòun wò kẹ́yìn.”