Ẹyin Nínú Àpótí Fáólìn

Ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀ náírà ni Fọláhàn, bíríkìlà kan ní Òsì-Èkìtì, jẹ Olúrẹ̀mí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ékòó. Kì í ṣe owó ilé, kì í ṣe owó oko. Fáólìn ló fi rà, góòjé òyìnbó tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n ta, fún Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Nígbà tó bi í léèrè ibi tí igi náà ti wá, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yá ọmọ lò. Ó mọ ìyàwó rẹ̀: tó bá gbọ́ iye owó náà, á kó adìẹ tó ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé lọ tà kó lè san án, adìẹ yẹn ló sì ń bọ́ wọn nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń kọ́lé. Irọ́ kékeré ni. Ó rò pé kò ná òun ní kọ́bọ̀.

Lọ́dún 2003, wọ́n mú Fìyìn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ olóhun-èlò orin tí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kó jọ láti ìlú dé ìlú, pé kí wọ́n lọ ṣeré l'Ékòó. Òun ló máa dá ta ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ilé Olúrẹ̀mí ló máa wọ̀ sí. Ìfàkì ni bọ́ọ̀sì ti máa gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bọ́sẹ̀dé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí fáólìn. Láti Òsì dé Ìfàkì, orí itan rẹ̀ ló gbé e lé nínú takisí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ọmọ tuntun. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, á ní, "Ẹ rọra o, dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra." Inú Fọláhàn dùn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mọyì nǹkan.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù sẹ́yìn bọ́ọ̀sì: báàgì Fìyìn nísàlẹ̀ pátápátá, ti àwọn yòókù lórí rẹ̀, àpò iṣu ẹnìkan lórí ìyẹn. Akínyẹmí, tíṣà orin wọn, pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ yọ ohun èlò yín. A máa ta orin kan ká tó gbéra, bá a ṣe máa ń ṣe."

Fìyìn gba àpótí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí i.

Ẹyin ni.

Ẹyin adìẹ, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò sórí aṣọ pupa inú àpótí náà. Wọ́n tò ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ọrùn, wọ́n tò ó fẹ̀ níbi ikùn, bí ààyè fáólìn gan-an ṣe rí.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ̀yin ará Òsì, ṣé orin lẹ fẹ́ lọ kọ l'Ékòó, àbí ẹyin lẹ fẹ́ lọ dín?"

"Màámi, fáólìn mi dà?"

"Ó wà nínú báàgì rẹ. Ìró mi méjì ni mo fi wé e."

Fìyìn wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Fọláhàn náà wò ó. Báàgì ọ̀hún ò tilẹ̀ hàn mọ́ lábẹ́ iṣu.

"Kí lẹ wá ń wò mí fún?" Bọ́sẹ̀dé ń wojú gbogbo wọn. "Ẹ ní báàgì kan péré ni ọmọ kan máa gbé. Ṣé kó wá dé ilé Àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́ òfo ni? Ulé ni mo ti rò ó dáadáa. Àpótí yìí ní tìmùtìmù nínú. Ẹyin ló ń fọ́, igi kì í fọ́."

"Ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀ ni igi yẹn." Fọláhàn ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun.

"Ẹgbẹ̀rún mélòó? Ṣebí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo, Màmá?" Akínyẹmí ní. "Ẹní bá fẹ́ ta fáólìn lọ́dọ̀ wa, òun ló ń ra tiẹ̀."

"Owó Olúrẹ̀mí ni," Fọláhàn ní. "N ò tíì san kọ́bọ̀ níbẹ̀."

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé lọ sí àyà rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n tún ẹrù tú sílẹ̀. Fọláhàn fúnra rẹ̀ ló fa báàgì náà jáde. Ó tú ìró méjèèjì kúrò lára fáólìn. Okùn kan ti já. Igi pẹlẹbẹ tó gbé àwọn okùn dúró ti ṣubú. Fìyìn gbà á, ó fi ìka tẹ ara rẹ̀ yíká, ó gbé e sétí, ó kàn án wò kó-kó-kó.

"Kò là," ló ní. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Kò là, Bàámi."

Ìgbà yẹn ni Fọláhàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Akínyẹmí mú okùn mìíràn jáde, ó tún igi pẹlẹbẹ náà gbé nàró. Fọláhàn bi í léèrè owó rẹ̀. "Ẹ fún mi lẹ́yin mẹ́wàá," tíṣà ní, "kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ta orin náà. Ìró àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ Fìyìn gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró ṣinṣin. Títí orin fi parí, Bọ́sẹ̀dé ò wo ọmọ, kò wo fáólìn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí àwọn ọmọ ń wọkọ̀, Bọ́sẹ̀dé tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì tó fẹ́ fi ra oúnjẹ adìẹ, ó kó o lé Fìyìn lọ́wọ́. "Fún Àǹtí rẹ. Sọ fún un pé ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀. Sọ pé èmi ni mo ní kó o sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí làwọn adìẹ máa wá jẹ?" Fọláhàn ní.

"Èyí tẹ́ ẹ bá rà fún wọn. Ká ní ẹ sọ iye igi yẹn fún mi, ẹyin ni ǹ bá fi sílẹ̀."

Bọ́ọ̀sì lọ. Bọ́sẹ̀dé kó ẹyin tó kù sínú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan nínú takisí tó ń gbé wọn padà sílé. Ẹyọ kan ò fọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìdó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fìyìn, kí ló tún wà nínú ilé wa tẹ́ ẹ pè ní ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

Fọláhàn kọjú sí ojú ọ̀nà.

"Rédíò," ló ní.

Takisí kó sí kòtò. Bọ́sẹ̀dé di ẹyin rẹ̀ mú.