Fídíò Mẹ́sàn-án Inú Laptop Ẹ̀gbọ́n

Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n kan, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Seton, gbé laptop wọn wá sí basement wa, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Cornerstone lókè òkun níbí, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀rọ náà á tàn díẹ̀, á tún kú.

"Àbúrò, sáà pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, kí o fi Windows tuntun sí i. Mo ní shift ní aago mẹ́ta. Kò sí nǹkan gidi kan níbẹ̀."

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin kan sọ fún mi lọ́dún tó kọjá. Mo pa nǹkan rẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sì bá a lọ. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé."

Wọ́n pe ọmọbìnrin wọn, wọ́n fi fóònù sí speaker.

"Mum, Grandpa's videos are on there. I moved them when your phone was full."

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó. Bàbá wọn ló ń sọ ìtàn ìdílé nínú fídíò mẹ́sàn-án náà. Bàbá ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu wọn.

Mo yọ hard drive, ibi tí laptop ń kó nǹkan pamọ́ sí, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi. Ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Mo mọ ìró yẹn. Kò ní í pẹ́ kú. Mo ní ká kó fídíò nìkan sórí kọ̀ǹpútà mi ná. Márùn-ún àkọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀kẹfà dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sún. Ẹ̀gbọ́n ò wo aago mọ́, ojú mi ni wọ́n ń wò. Mo pa á kó lè tutù, mo tún tàn án, mo fo ẹ̀kẹfà. Mẹ́ta tó kù wọlé. Nígbà tí mo padà sórí ẹ̀kẹfà, hard drive náà kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀kẹfà ti lọ.

"Kí ló wà nínú ìyẹn, ma?"

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò tíì wo ìkankan rí. Mo rò pé àkókò ṣì wà láti wò wọ́n."

Wọ́n pe ibi iṣẹ́ pé àwọn á pẹ́ dé, wọ́n sì ní kí n ṣí èkíní.