Ilá Màmá Mi àti Koríko Òkun

Àyà máa ń ta màmá mi. Oògùn funfun kan tó ki bí ògì ni wọ́n ń fún un ní ọsibítù ní Ìkọ̀lé, ara igo rẹ̀ ni mo ti kà á pé koríko inú òkun wà nínú rẹ̀. Èmi tí mi ò rí òkun rí! Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ kẹ́mísírì.

Ohun tí wọ́n ń yọ lára koríko yẹn dà bí okùn gígùn tí ojú ò lè rí, irú ṣúgà méjì ló so kọ́ra wọn títí lọ. Bí okùn náà bá gùn, omi rẹ̀ á ki. Bó bá já, omi lásán ni. Mo ní láti yọ ọ́, kí n sì mọ bó ṣe gùn tó, nípa wíwo bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Okùn náà ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní bí kò bá dára kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, màá tún ọdún náà ṣe ni.

Mo bu omi náà sínú igo kan, mo gbé e dání lọ sílé, mo ń sunkún. Màmá mi ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Ó gba igo náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí lo fi sè é?"

"Nǹkan kan tó dà bíi káún ni, Màmá."

"Ó pẹ́ tó lórí uná?"

"Wákàtí mẹ́ta, kó lè jáde dáadáa."

"Uná ti pa á nìyẹn. Ṣé a máa ń se ulá báyìí?"

Ìbínú mi kì í pẹ́ dé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èyí kì í ṣe ọbẹ̀!"

Ó gbé ìkòkò kékeré méjì kaná, ó da ilá àti káún sínú méjèèjì. Ó sọ ọ̀kan kalẹ̀ kíá, ó fi èkejì sílẹ̀ títí ó fi fọ abọ́ tán, tó sì gbálẹ̀. Ó wá ki ṣíbí bọ̀ wọ́n. Èkíní fà títí. Èkejì ń kán tótó. Ojú tì mí lórí àpótí tí mo jókòó sí.

Mo padà sí yunifásítì, mo tún koríko náà sè, mo dín iná kù, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Nígbà tí mo dà á sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo dúró tì í, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán mi wò, ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti yunifásítì míì béèrè inú ìwé tí mo ti rí i pé kí n dín iná kù. Irọ́ ti dé ètè mi. Mo ní, "Màmá mi ló sọ ọ́, sà." Ó ṣí ojú ìwé ìdúpẹ́ mi. Ohun tí mo kọ fún màmá mi níbẹ̀ ò ju "fún àdúrà àti oúnjẹ" lọ. Ó na bírò sí mi. Mo fagi lé e, mo kọ "olùkọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí" rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo kà á fún màmá mi, ó ní kí n tún un kà, kí n rọra kà á. Mo rọra tún un kà, mo sì rántí bí mo ṣe jágbe mọ́ ọn pé kì í ṣe ọbẹ̀.