Bọ̀ọ̀dá Tó Fi Ẹ̀kan Yangàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Délé. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń pe ara wọn ní alábòójútó àyíká. Àyíká wo? Ẹni tí kò lè gbin ata sínú ike.

Ilẹ̀ bàbá wa wà ní Ìlọrà, lọ́nà Jobele. Igi ẹmì tí a fi ń ṣe òrí àti igi igbá tí a fi ń ṣe irú ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sun èédú gé wọn tán, ni ẹ̀kan bá gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ mọ ẹ̀kan, koríko tí ṣóńṣó orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ẹ sun ún, á hù. Ẹ ro ó, á hù. Àfi kéèyàn wú gbòǹgbò rẹ̀.

Èmi àti màámi wú u. Tíṣà ni mí, Sátidé nìkan ni mo ráyè. Ọwọ́ wa bó. Nígbà tó yá, ẹ̀kan dín kù, àwọn ọmọ ẹmì tí a gbìn rúwé. Igbá tí a ò tiẹ̀ gbìn hù fúnra rẹ̀. Màámi ń kí wọn bí ọmọ-ọmọ.

Bọ̀ọ̀dá Délé wá wò ó, wọ́n ní ibẹ̀ rí wúruwùru, àwọn àlejò láti ẹgbẹ́ alábòójútó àyíká sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ tí àwọn ṣe. Iṣẹ́ ta ni? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án." Wọ́n ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi ní ABD.

Mo wà níléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn tó ń fín oògùn apakoríko wá. Ẹmì wa rọ, igbá wa gbẹ. Màámi ń ṣa ewé gbígbẹ jọ. Èmi ni mo sunkún.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ hù lẹ́yìn òjò? Ẹ̀kan. Ó tutù yọ̀yọ̀.

Ìgbà náà ni àwọn àlejò dé. Bọ̀ọ̀dá mi, tí wọ́n wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn, nawọ́ sí ẹ̀kan, wọ́n ní koríko ìbílẹ̀ tí àwọn dá padà rèé. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Màámi rọra bi wọ́n pé, "Délé, kí lorúkọ koríko yẹn?"

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìlọrà o! Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà.

Màámi kọjú sí àwọn àlejò: "Ẹ̀kan ni, sà. Òun la ti ń wú látọjọ́ yìí. Èyí tí a gbìn ni Délé ní kí wọ́n pa."

Àwọn àlejò wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ wá. Fọ́tò àwọn àti ẹ̀kan ni wọ́n gbé sórí Facebook, táwọn èèyàn ń kí wọn kú iṣẹ́.

A ti tún bẹ̀rẹ̀. Màámi ti rí ọmọ ẹmì mìíràn gbà ní Iware. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé pípa koríko yàtọ̀ sí títún ilẹ̀ ṣe, ẹni tí kò sì mọ èyí tó yẹ kó kú, ẹ má gbé oògùn lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni Bọ̀ọ̀dá Délé nínú ẹbí tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ gbọ́. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ lọ bẹ màmá yín.