Àlùwàlá Lábẹ́ Àtíkè

Gbogbo obìnrin tó ń kírun ní Ìta Fájì ló mọ wàhálà yìí: o ò ní tíì kun ojú tán tí omi àlùwàlá á ti máa dúró dè ọ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àtíkè kan wà tí omi ò lè ṣí kúrò lójú. Mo ti rà á. Irọ́ ni.

Ọgbọ́n tèmi ni pé kí n ṣe àlùwàlá kí n tó jókòó síwájú dígí. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì ọ̀rẹ́ mi, mo kírun Àyìlà, mo kun ojú, mo lé tìróò, mo wá ń tọ́jú àlùwàlá náà bí ẹyin títí di Alásárì. Wọ́n gbé sóbò tútù wá, mo ní rárá. Wọ́n gbé omi wá, mo ní ẹ ṣeun. Ẹni tó bá mu á tọ̀, ẹni tó bá sì tọ̀, àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé mò ń gbààwẹ̀.

Mo délé, ojú mi ṣì ń dán. Ìyá mi ti tẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń kírun, mo bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo forí kanlẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tá a kírun tán, wọ́n wo aṣọ wọn. Iwájú orí mi rèé, imú mi rèé, ètè pupa díẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ dìde, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Níbo lò ń lọ? Ojú rẹ ò tíì kírun tán. Dúró dè é."