Ilé Tí A Kò Paná Rẹ̀

Iléèwé yòówù tí wọ́n bá ti pè mí pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkọ, ìbéèrè kan kì í yẹ̀. Olùkọ́ kan á dìde, á ní ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹja lẹ ń pa, ọkọ̀ lẹ ń tù, níbo lẹ ti wá rí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ooru omi ń gbé rìn? Inú máa ń bí mi, mi ò ní parọ́. Ṣé ẹni tó ń gbé orí omi ni kò ní mọ̀ pé omi ń hó? Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ, màá gbé ìbínú mi mì, màá sì sọ òótọ́ ibẹ̀: ìdí àgbá ògógóró ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti rí i. Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ á sì máa wo ilẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń kọ ìtàn fún. Nínú ìwé mi, kò sí bẹntiróòlù, kò sí iná mànàmáná. Iná igi àti ooru omi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ooru ló ń ti ọkọ̀ ojú omi, òun ló ń fa àwọ̀n wọlé, àwọn ilé orí òpó tí à ń gbé létí òkun sì ní oríkèé lẹ́sẹ̀. Bí òkun bá ti ń sún mọ́ ilé jù, onílé á koná mọ́ àgbá tó wà nílé ìdáná, ooru á gba inú páìpù lọ sínú àwọn òpó, ilé á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé ìkejì, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ilé tó ń rìn yìí púpọ̀.

Ẹni tó bá ti dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà rí kò ní bi mí ní ìbéèrè olùkọ́ yẹn. Orí pèpéle pákó ni ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún wà, omi wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da iyanrìn sórí pákó níbi tí ààrò wà. Àgbá ńlá kan wà lórí iná, ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ló ń hó nínú rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi lẹ ẹnu ìdérí rẹ̀ yíká kí ooru má baà sá lọ. Páìpù kan yọ láti ara ìdérí, ó sì gba inú ọkọ̀ àtijọ́ kan kọjá. Ọkọ̀ tí bàbá ìyá mi fi ń pẹja ni. Nígbà tí wọ́n kú, tí gbogbo ènìyàn sì ti gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó fẹ́ tù ú mọ́, ni Ìyá Àgbà bá ní kí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì pọn omi kún inú rẹ̀. Bí ooru bá ti dé ibi tí omi tútù yẹn wà, á di ọtí, á sì máa kán sínú kéègì lódìkejì.

Ìyá Àgbà kì í mu ún o. Kì í sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n kì í wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà iwájú ni wọ́n sì máa ń jókòó. Wọ́n ní oògùn ara ríro ni àwọn ń sè, pé ẹni tó bá sọ ọ́ di ọtí, ọrùn ẹni náà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Kò sí àlùfáà tó tíì rí èsì fọ̀ sí i.

Ìdí ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń kọ̀wé. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń sọ pé màá kọ̀wé bí àwọn òǹkọ̀wé gidi, lórí tábìlì, ní yàrá tó dákẹ́. Mo tilẹ̀ gba yàrá kan ní Igbókòdá nígbà kan nítorí iná mànàmáná. Ariwo èbúté kò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi, nígbà tí ó bá sì dákẹ́, oorun ni mò ń sùn. Mo kó ẹrù mi padà. Bí ọtí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán láàárọ̀, èmi náà á ṣí láptọ́ọ̀pù mi. Bó bá ti dá, mo dáwọ́ dúró, ibi yòówù tí ọ̀rọ̀ bá wà. Lẹ́yìn náà, màá ka ohun tí mo kọ sí Ìyá Àgbà létí bí wọ́n ti ń fẹ́ iná. Wọn kì í yìn mí, ṣùgbọ́n mo mọ àmì wọn. Bí ìtàn bá dùn, abẹ̀bẹ̀ á dúró lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá dùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ sí mi jẹ́jẹ́, màá sì mọ̀ pé kí n lọ pa á rẹ́. Wọ́n sì lè bá ènìyàn jà lórí ìtàn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ilé tó ń rìn fún wọn, wọ́n ní ilé ti lọ, ó dára, adìyẹ ńkọ́? Ta ló kó adìyẹ? Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tó rìn nínú ìwé mi tí kò ní àgò adìyẹ lẹ́yìn. Olótùú mi fóònù láti Ìbàdàn pé kí ló dé tí adìyẹ fi pọ̀ tó báyìí. Mo ní kó bi Ìyá Àgbà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wá lẹ́rù, òun náà ni òkun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń rìn títí kí á tó fi ẹsẹ̀ kan omi rẹ̀. Ní báyìí, bó bá ti ru, ó ń fọ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Ìyá Àgbà. Ilé ìdáná aládùúgbò wa kan ti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ kanlékanlé, ti ri òpó tuntun sílẹ̀ ní Òde Màhín, láàárín àwọn ìbátan wa. Kí á tú ilé, kí á kó pákó rẹ̀ sọ́kọ̀, kí á tún un kàn níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ilé tiwa kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀, à ń kó o dání ni.

Àmọ́ èèwọ̀ kan wà. A kì í tú ilé tí iná ń jó nínú ààrò rẹ̀. Àwọn àgbà ní iná ni èémí ilé, a kì í sì í kun ohun tó ń mí. Onílé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ paná kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìṣó kan. Ìyá Àgbà mọ èèwọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ. Ọjọ́ yòówù tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá kó ọkọ̀ àti òòlù dé, ọtí wà lórí iná. Ìyá Àgbà á ní ó kú ọ̀nà, ó kú ìrìn, kó jókòó kó jẹ ẹja. Ọtí kì í sì í tètè jinná. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi á jẹ ẹja, wọ́n á wo iná títí, wọ́n á kó òòlù wọn, wọ́n á padà. Ní àwọn ọjọ́ tí kò tilẹ̀ sí ọtí láti sè, Ìyá Àgbà á bo ẹyín iná mọ́ inú eérú kó má baà kú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí omi gba àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Bá wọn sọ ọ́ kí òkun tó bá wọn sọ ọ́."

Mo bá wọn sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n máa kọ etí ikún sí mi ni. Wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Wọ́n ní, "Iná tí mo bá ọkọ mi dá nìyí. Bí mo bá pa á, kí ni màá fi mọ̀ pé ilé mi ni mo dé?"

Àánú wọn ṣe mí gan-an, ni mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù mi kí n lè rí ibi gbójú sí.

Ìwé tí mò ń kọ nígbà náà ti dúró sójú kan. Orí tó kẹ́yìn kò parí. Nínú rẹ̀, ìyá arúgbó kan kò fẹ́ kúrò létí òkun, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni mo ti gbà parí rẹ̀, orin ìjọ ni Ìyá Àgbà fi lé gbogbo wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ pé àwọn ọmọ bẹ ìyá náà títí, ó sì gbà láti paná. Mo ka gbólóhùn yẹn padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi rẹ́rìn-ín. Orí mi dà? Ilé olóoru ni! Bó bá paná, kí ni ilé yóò fi rìn? Ọdọọdún ni mò ń kọ ilé tí iná ń gbé rìn, mi ò sì rí ohun tó wà níwájú mi. Mo pa gbólóhùn náà rẹ́. Mo kọ ọ́ pé dípò kí àwọn ará àdúgbò gbé omi wá paná, igi ni wọ́n ru wá. Wọ́n koná mọ́ ọn, ilé dìde, arúgbó wà nínú rẹ̀, adìyẹ wà lẹ́yìn, ó di ọ̀nà odò.

Nígbà tí mo kà á, abẹ̀bẹ̀ dúró. Ó pẹ́ tó dúró débi pé èmi ni mo gbà á tí mo ń fẹ́ iná.

"Iná yẹn kò kú lọ́nà?"

"Kò kú, Ìyá. Òun ló gbé wọn débẹ̀."

Wọ́n gba abẹ̀bẹ̀ wọn padà, wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí fóònù, kí wọ́n máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, wọ́n bá iná tó ń jó, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ bàbá wọn. Wọ́n ní iná máa kúrò nílé, àwọn náà máa bá a kúrò, inú ọkọ̀ yẹn ni àwọn àti iná máa wà, kí wọ́n wá tú ohun tó kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi họrí. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti gbó, pé omi máa wọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Ọkọ̀ tí kò jẹ́ kí omi inú jáde, ṣé òun ló máa jẹ́ kí ti ìta wọlé?"

A lọ bi àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò lòdì sí èèwọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ tí a lọ, a da iyanrìn sínú ọkọ̀ náà, a sì kó iná lé e. Ìyá Àgbà jókòó tì í pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kaná títí a fi tú ilé tán. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fà wá lọ jẹ́jẹ́, àwọn ọkọ̀ tó kó pákó, àgbá àti páìpù ń tẹ̀ lé wa. Omi kò wọlé. Èéfín wa ń lọ sókè bí ẹni pé ọjọ́ àsè ni. Ní àwọn abúlé tí a gbà kọjá, àwọn ọmọ tó ti ka ìwé mi ń sáré lórí afárá pákó, wọ́n ń pariwo pé ilé tó ń rìn ló ń kọjá lọ. Inú mi dùn débi pé mo ń juwọ́ bí olóṣèlú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Àgbà bojú wẹ̀yìn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, wọ́n rí àwọn òpó wọn tó dá dúró nínú omi, wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi ara dí atẹ́gùn fún iná.

Nígbà tí a dé Òde Màhín, òpó àti pèpéle pákó nìkan ló wà nílẹ̀. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí Ìyá Àgbà lọ sinmi lọ́dọ̀ ìbátan wa kan títí tí ilé á fi parí. Ìyá Àgbà ní kí n da iyanrìn sílẹ̀, wọ́n kó ẹyín iná lé e fúnra wọn, wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ padà sórí rẹ̀, wọ́n sì jókòó sáàárín pákó lásán.

Wọ́n ní, "Mo ti délé."

Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n sì béèrè ibi tí adìyẹ wà.